Ẹ̀tẹ̀ Tó Wú Lójijì: Ta Ló Jẹ̀bi?

Ẹni tó ní ẹ̀tẹ̀ lè ti máa lo oògùn rẹ̀ déédéé, kí àbàwọ́n ara rẹ̀ ti máa parẹ́, kó wá jí lọ́jọ́ kan kí ojú àbàwọ́n náà ti wú, kó máa dán, kó sì máa gbóná. Ohun tí ará ilé máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé oògùn òyìnbó ló ṣe é. Àwọn mìíràn á ní àrùn ló tún padà dé. Ẹni tó bá ní ọwọ́ ayé ni, n kò ní bá a fa ọ̀rọ̀ yẹn.

Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan oògùn kò ṣàdédé wá. Nínú àwọn oògùn ẹ̀tẹ̀, clofazimine máa ń sọ àwọ̀ ara di dúdú, rifampicin máa ń mú kí ìtọ̀ pọ́n, dapsone sì máa ń bá àwọn kan lára jà. Ṣùgbọ́n wíwú tí à ń sọ yìí, àwọn kan wà tó jẹ́ pé òun gan-an ló gbé wọn dé ọ̀dọ̀ dókítà, nígbà tí wọn ò tíì gbé hóró oògùn kan mì. Ó sì ń mú àwọn mìíràn lẹ́yìn tí wọ́n ti parí ìtọ́jú pátápátá. Oògùn wo la fẹ́ dá lẹ́bi níbẹ̀?

Ara fúnra rẹ̀ ló ń jà. Kòkòrò ẹ̀tẹ̀, èyí tí Armauer Hansen rí ní Bergen, ní Norway, lọ́dún 1873, kì í kánjú: ó ń tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 2 kí ọ̀kan tó di méjì. Inú awọ àti inú iṣan tí a fi ń mọ nǹkan lára ló ń fara pamọ́ sí. Lọ́jọ́ tí àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń gbèjà ara bá dá a mọ̀, wọ́n á ya bo ibi tó wà, ibẹ̀ á sì wú. Òkú kòkòrò pàápàá lè dá ìjà yìí sílẹ̀, nítorí ó lè gba ọ̀pọ̀ ọdún kí èérún rẹ̀ tó tán lára. Ìjà yìí ní oríṣi kejì, tó ń mú àwọn tí kòkòrò pọ̀ lára wọn jù: kókó tó ń dunni á yọ lábẹ́ awọ apá, itan àti ojú, ibà á sì bá a rìn.

Ẹ̀rí tó wù mí jù wá láti Jerúsálẹ́mù. Ní 1964, dókítà Jacob Sheskin fún aláìsàn kan tí irú kókó bẹ́ẹ̀ kò jẹ́ kó sùn ní thalidomide, kó ṣáà lè rí oorun sùn. Oorun wá, kókó náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Thalidomide kò sì pa kòkòrò ẹ̀tẹ̀; ìjà ara ló mú rọlẹ̀. (Oògùn yìí kan náà ló ba ọmọ inú oyún jẹ́ ní Yúróòpù, aláboyún kò gbọdọ̀ fẹnu kàn án.) Clofazimine tí wọ́n ń bú yẹn pàápàá máa ń bá wọn dín irú kókó yìí kù.

Ìwé ìṣègùn á ní àbàwọ́n tó wú ń pọ́n. Lára adúláwọ̀, pípọ́n yẹn kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn, ọwọ́ ni ká fi bà á. Ká sì fọwọ́ kan ẹ̀yìn ìgúnpá pẹ̀lú: iṣan tó gba ibẹ̀ kọjá lè ti nípọn bí okùn, kó sì máa dun aláìsàn bí a bá tẹ̀ ẹ́. Ìka ọmọńdinrín àti èyí tó tẹ̀ lé e gbójú lé iṣan yẹn; bó bá kú, wọ́n á ká kò. Prednisolone, oògùn tó ń mú ìjà ara rọlẹ̀, ni dókítà máa ń fún un, tí yóò máa dín in kù díẹ̀díẹ̀ fún oṣù bíi mélòó kan, láìdá oògùn ẹ̀tẹ̀ dúró. Iṣan tó bá ti kú fún ohun tó ju oṣù 6 lọ, agbára káká ni yóò fi jí. Inú oṣù 6 yẹn náà sì ni ẹni tó gbà pé oògùn ló ṣe òun máa ń jókòó sílé, tó ń retí kí oògùn kúrò lára òun.