Ìwé Ọlọ́jọ́ Mẹ́sàn-án ti Aláùsá

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a máa ń sọ ní gbangba. Bí a bá fẹ́ sọ ọ́, a ó kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn wò bóyá ọmọdé wà nítòsí, a ó sì rẹ ohùn sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ oyún ṣíṣẹ́ ni. N kò fẹ́ wàásù fún ẹnikẹ́ni. Ìtàn ni mo fẹ́ sọ, ìtàn ìwé ìjọba kan tí ó lo ọjọ́ mẹ́sàn-án péré láyé, àti ti òfin tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, èyí tí ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún.

Bí mo ṣe dé ìdí rẹ̀ nìyí. Olùkọ́ tí ó ń kọ́ wa ní iṣẹ́ ògbufọ̀ ní kí olúkúlùkù wa wá ìwé ìjọba kan, kí ó sì túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá tí ìyá tí ó ń tajà ní ọjà Agége yóò gbọ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi mú ìwé owó orí, wọ́n mú ìwé ìdìbò, wọ́n mú ìwé òfin ìrìnnà. Èmi tí mo jẹ́ ọmọ Agége, mo mú ìwé tí Ilé-iṣẹ́ Ètò Ìlera Ìpínlẹ̀ Èkó gbé jáde ní 28 oṣù kẹfà ọdún 2022. Àkọlé rẹ̀ nìkan gbà mí ní alẹ́ méjì. Ohun tí mo kọ nígbẹ̀yìn ni "Ìtọ́nisọ́nà lórí fífi òpin sí oyún láìséwu níbi tí òfin bá ti fàyè gbà á." Ó gùn, kò sì dùn létí, ṣùgbọ́n n kò lè gé e kúrú, nítorí pé nínú ìdajì tí ó kẹ́yìn yẹn ni gbogbo ìjà náà wà.

Ìwé náà kò ṣe òfin tuntun rárá. Ojú ìwé 40 ni, àwọn oníṣègùn ni a sì kọ ọ́ fún. Òfin Ìwà Ọ̀daràn ti Ìpínlẹ̀ Èkó, èyí tí a ṣe ní 2011, ti sọ tẹ́lẹ̀ pé ẹni tí ó bá fi òye àti ìṣọ́ra ṣe iṣẹ́ abẹ nítorí àti dáàbò bo ẹ̀mí aboyún àti ìlera ara rẹ̀ kò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n òfin kò sọ irú àìsàn tí ó tó bẹ́ẹ̀. Dókítà tí ó rí aboyún tí ọkàn rẹ̀ ń dáṣẹ́ sílẹ̀, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń gbé lọ, ẹ̀wọ̀n ni yóò kọ́kọ́ rò. Àlàyé ni ìwé náà fẹ́ ṣe fún irú dókítà bẹ́ẹ̀.

Ìròyìn rẹ̀ kò tíì tutù tí ariwo fi sọ. Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Alfred Adewale Martins, olórí ìjọ Àgùdà ní Èkó, sọ̀rọ̀ tako ìwé náà ní gbangba, kì í sì í ṣe òun nìkan. Ní 7 oṣù keje, Kọmíṣánnà fún Ètò Ìlera, Ọ̀jọ̀gbọ́n Akin Abayomi, kéde pé Gómìnà Babajide Sanwo-Olu ti pàṣẹ kí a dá a dúró, kí ìgbìmọ̀ aláṣẹ ìpínlẹ̀ lè jíròrò lórí rẹ̀, kí a sì la àwọn ará ìlú lọ́yẹ̀. Ẹ ka ọjọ́ náà wò.

Ọ̀sẹ̀ tí ó jáde kò sì dára fún un. Ní ọjọ́ mẹ́rin ṣáájú, 24 oṣù kẹfà, ni ilé ẹjọ́ tí ó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà da ìdájọ́ ọdún 1973 nù, tí ó sọ pé òfin-ìpìlẹ̀ wọn kò fún obìnrin ní ẹ̀tọ́ láti ṣẹ́ oyún, tí ó sì dá ọ̀rọ̀ náà padà sọ́wọ́ àwọn ìpínlẹ̀. Nínú dáńfó tí mo wọ̀ láti Agége lọ sí Ikẹjà, ọ̀gbẹ́ni kan ní Amẹ́ríkà ti ti ilẹ̀kùn, kí ló dé tí Èkó ń ṣí i? Ìyá kan dá a lóhùn pé Amẹ́ríkà kọ́ ni yóò wá kúnlẹ̀ ìrọbí fún òun. Gbogbo ọkọ̀ rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹnì kan nínú wa, èmi náà pẹ̀lú, tí ó mọ̀ pé Èkó kò ṣí ilẹ̀kùn kankan, àti pé òfin tí à ń jà lé lórí kì í ṣe ti Amẹ́ríkà, kì í sì í ṣe tiwa.

Ìlú Ọba ni ó ti wá, ó sì gba ọ̀nà jíjìn. Ní 1803 ni wọ́n kọ́kọ́ sọ oyún ṣíṣẹ́ di ẹ̀ṣẹ̀ nínú ìwé òfin níbẹ̀, wọ́n sì tún un ṣe títí ó fi di òfin 1861. Láti ibẹ̀ ó dé Queensland ní ilẹ̀ Austrálíà, níbi tí Samuel Griffith ti kọ ìwé òfin ìwà ọ̀daràn kan tí wọ́n gbà ní 1899. Ìwé Queensland yìí ni àwọn Òyìnbó mú wá sí Àríwá Nàìjíríà ní 1904, tí wọ́n sì nà án dé gbogbo Nàìjíríà ní 1916: ẹ̀wọ̀n ọdún 14 fún ẹni tí ó bá ṣẹ́ oyún fún obìnrin, ọdún 7 fún obìnrin náà fúnra rẹ̀, ọdún 3 fún ẹni tí ó bá ta oògùn tàbí ohun èlò fún un. Nígbà náà kò sí ọmọ ilẹ̀ yìí kan tí a fi ìbò yàn sí ìgbìmọ̀ aṣòfin. Ọdún 1923 ni a tó dìbò bẹ́ẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́, obìnrin kò sì sí nínú rẹ̀. Ohun tí ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín, bí ó tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀rín kíkorò, ni pé àwọn tí ó ni ọjà ti pààrọ̀ tiwọn. Ìlú Ọba ṣe òfin mìíràn ní 1967, nígbà tí a ti gba òmìnira ní ọdún méje. Queensland yọ tirẹ̀ kúrò ní 2018.

Ibí yìí ni mo fẹ́ dúró díẹ̀, nítorí pé èdè ni iṣẹ́ mi. Òfin 1916 kò lo ọ̀rọ̀ tí ó bá "ṣẹ́" mu, ọ̀rọ̀ tí a ń lò fún igi. Ohun tí ó kọ ni mímú kí oyún wálẹ̀ láìbófinmu. Ẹ ṣàkíyèsí "láìbófinmu" yẹn. Ní 1938, dókítà kan ní Lọ́ńdọ́nù, Aleck Bourne, yọ oyún lára ọmọbìnrin ọdún 14 tí àwọn sójà fipá bá lò pọ̀, ó sì fi ara rẹ̀ lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Adájọ́ sọ fún ìgbìmọ̀ adájọ́-ẹjọ́ pé ọ̀rọ̀ náà kò wà níbẹ̀ lásán: bí ó bá ṣeé ṣe láìbófinmu, a jẹ́ pé èyí tí ó bófin mu wà. Wọ́n dá Bourne sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó gba ọkùnrin náà lọ́wọ́ ẹ̀wọ̀n, ọ̀rọ̀ kan náà ni ìwé Aláùsá sì gbára lé.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà. Òfin 1803 pín oyún sí méjì: èyí tí ọlẹ̀ ti sọ nínú rẹ̀, àti èyí tí ọlẹ̀ kò tíì sọ. Ikú ni ìjìyà ẹni tí ó bá ṣẹ́ èyí àkọ́kọ́. Ti èkejì kò tó bẹ́ẹ̀. Ní 1837 ni wọ́n pa ìyàtọ̀ náà rẹ́. Yorùbá kò pa á rẹ́ nínú èdè tirẹ̀. Oyún ni obìnrin ń ní, ọlẹ̀ ni ó ń sọ, ọmọ ni a ń gbà lọ́wọ́ agbẹ̀bí tí a sì ń sọ lórúkọ ní ọjọ́ kẹjọ. Àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì mọ èyí dájú: níbi tí Màríà ti kí Èlísábẹ́tì nínú Ìwé Lúùkù, ọlẹ̀ ni wọ́n kọ. N kò sọ pé èyí parí ẹjọ́. Ẹni tí ó gbà pé ẹ̀mí ti wà láti ọjọ́ tí oyún dúró lè sọ pé àwọn baba wa kò ní ẹ̀rọ tí a fi ń wo inú ikùn, òtítọ́ ni ó sì sọ. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ariwo ọdún 2022 tí mo gbọ́ ní àdúgbò wa, n kò gbọ́ ọlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Àwọn kan ń pariwo ọmọ, àwọn dókítà ń sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì.

Kì í sì í ṣe ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Ní 1981, ẹgbẹ́ àwọn dókítà tí ń tọ́jú aboyún gbé àbá òfin kan lọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣojú. Àwọn ẹlẹ́sìn takò ó, ẹgbẹ́ àpapọ̀ àwọn obìnrin pàápàá takò ó, wọ́n ní yóò sọ àwọn ọmọbìnrin di oníṣekúṣe. Àbá náà kú síbẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, Dókítà Olikoye Ransome-Kuti, mínísítà ètò ìlera, tún gbìyànjú. Kò bọ́ sí i. Ní Ìpínlẹ̀ Imo, òfin kan tí ó fàyè sílẹ̀ díẹ̀ jáde ní 2012, àwọn bíṣọ́ọ̀bù Àgùdà dìde sí i, a sì fagi lé e ní 2013.

Ní ilẹ̀ ibòmíràn, ìbò ni wọ́n ń dì. Ní 1983, àwọn ará Írẹ́lándì fi ìbò kọ ẹ̀tọ́ ọlẹ̀ sínú òfin-ìpìlẹ̀ wọn, bí ìdá 67 nínú 100 ni ó fọwọ́ sí i. Ní 2018, ìdá 66 nínú 100 yọ ọ́ kúrò. Ní Kẹ́ńyà, àwọn ìjọ ké sí ará ìlú pé kí wọ́n kọ òfin-ìpìlẹ̀ tuntun ní 2010 pàápàá nítorí ẹsẹ kan nínú rẹ̀, èyí tí ó ní ẹ̀mí ti bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà tí oyún dúró, síbẹ̀ tí ó fàyè gba yíyọ oyún bí ẹ̀mí tàbí ìlera ìyá bá wà nínú ewu. Ó wọlé. Ní Kansas, ní Amẹ́ríkà, kò tó oṣù kan lẹ́yìn tí a dá ìwé Aláùsá dúró, wọ́n gbé àtúnṣe kan síwájú àwọn olùdìbò kí òfin-ìpìlẹ̀ wọn má ṣe dáàbò bo oyún ṣíṣẹ́ mọ́. Bí ìdá 59 nínú 100 ni ó ní àwọn kò fẹ́. N kò sọ pé ìbò ni ó ń sọ òtítọ́. Òfin-ìpìlẹ̀ tiwa ti 1999 kò tilẹ̀ dárúkọ oyún, bí a bá sì fẹ́ tún un ṣe, àwọn aṣòfin ni yóò ṣe é. A kò ní bi ará Agége.

Ẹni tí ó bá sì rò pé Òyìnbó nìkan ni ó lè yanjú ọ̀rọ̀ yìí, kí ó wọ mọ́tò lọ sí Kétu tàbí Sábẹ̀ẹ́. Orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ni ìwọ̀nyẹn, Yorùbá sì ni wọ́n. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2021, ilé aṣòfin wọn dìbò pé obìnrin lè yọ oyún títí di ọ̀sẹ̀ 12, bí oyún náà yóò bá kó o sínú ìdààmú nípa ohun ìní, ẹ̀kọ́, iṣẹ́ tàbí ìwà. Àwọn bíṣọ́ọ̀bù tibẹ̀ náà takò ó. Mínísítà wọn, Benjamin Hounkpatin, dúró lórí ohun kan: bí obìnrin 200 ni oyún ṣíṣẹ́ ń pa ní ilẹ̀ wọn lọ́dọọdún. Ọmọ ìyá méjì ni wá, ààlà Òyìnbó wà láàárín wa, a sì ń gbé lábẹ́ òfin méjì.

Iṣẹ́, ni wọ́n kọ sínú òfin wọn. Ọ̀rọ̀ yẹn ni ó mú mi rántí ilé wa.

Ilé tí a ń gbé ní Agége, yàrá dojú kọ yàrá ni, ẹ̀rọ omi kan ni gbogbo wa ń lò. Láti ìgbà tí ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ti dá àwọn ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ní Ikẹjà, Agége ni àwọn òṣìṣẹ́ ti ń jí lọ: Ọgbà, Agídíngbí, Orẹ́gùn, Ọba Akran. Àǹtí kan tí ó gba yàrá lẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa wà lára wọn. Inú páálí ni ó ń di ọjà sí ní ilé-iṣẹ́ kan, owó ojúmọ́ ni wọ́n ń san fún un. Bí kò bá lọ lónìí, ẹlòmíràn ti dúró lẹ́nu géètì. Òfin Òṣìṣẹ́ ilẹ̀ wa fún aboyún ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí ó tó bí àti mẹ́fà lẹ́yìn ìbí, ṣùgbọ́n ta ni yóò fún ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé? Ó ti sọ fún ìyá mi pé obìnrin tí ikùn rẹ̀ bá ti hàn, wọn kì í pè é mọ́.

Mo tó ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, wọ́n fi aṣọ ìbora wé e, wọ́n gbé e sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá, a kò sì rí i mọ́. Nígbà tí mo béèrè, ìyá mi ní inú ló run ún. Gbogbo ilé ni ó ní inú ló run ún. Àwọn olùwádìí fojú bù ú pé oyún tí a ṣẹ́ ní Nàìjíríà ní 2012 nìkan tó 1,250,000. N kò mọ iye inú rírun tí ó wà nínú rẹ̀.

Mo gbọ́dọ̀ sọ èyí fún àwọn tí ó tako ìwé Aláùsá: Yorùbá ni wọ́n fi bá wa sọ̀rọ̀. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, ní ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ nínú oṣù keje yẹn, gbogbo ènìyàn ni ó gbọ́ ohun tí a sọ, ìyá àgbà pàápàá gbọ́. Ìwé tí ó yẹ kí ó dáhùn wà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ojú ìwé 40.

Nígbà tí mo parí ìtumọ̀ mi, mo kà á fún ìyá mi ní ẹnu ọ̀nà, nígbà tí iná lọ. Ó tẹ́tí sílẹ̀ dé òpin. Ó béèrè ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí pé kí ilé-iṣẹ́ gbà á padà sẹ́nu iṣẹ́. Mo ní kò sí níbẹ̀, pé ọ̀rọ̀ àwọn dókítà nìkan ni. Ó ní kí n tún ka ojú ìwé àkọ́kọ́. Mo tún un kà. Lẹ́yìn náà ni ó dárúkọ àǹtí yẹn, orúkọ tí n kò gbọ́ nínú ilé wa fún ọdún mọ́kànlá.