Frejon àti Àkàrà: Oúnjẹ Gẹ́gẹ́ bí Ẹ̀rí nínú Ìtàn Àwọn Àgùdà Èkó

Ní ọjọ́ Ẹtì tí àwọn Onígbàgbọ́ ń rántí ikú Jésù, frejon ni oúnjẹ ní Pópó Àgùdà ní Erékùṣù Èkó. Ẹ̀wà ni, tí a sè títí ó fi rọ̀, tí a lọ̀, tí a sẹ́, tí a sì tún fi omi àgbọn sè títí ó fi ki. Ọbẹ̀ ẹja ni wọ́n fi ń jẹ ẹ́, nítorí ìjọ Àgùdà kì í jẹ ẹran lọ́jọ́ náà.

Wọ́n máa ń sọ pé àwọn tí ó ti Bùràsíìlì padà dé, pàápàá lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ àwọn Ìmàle ní Salvador ní 1835, ni ó gbé e wá. Òótọ́ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò tán síbẹ̀. Feijão, ọ̀rọ̀ Potogí tí orúkọ náà ti wá, kò ju ẹ̀wà lọ, ẹ̀wà sì ti wà nínú ìkòkò Yorùbá kí ọkọ̀ ẹrú tó gbé ẹnikẹ́ni lọ. Orúkọ, ọ̀nà ìsè àti ọjọ́ jíjẹ rẹ̀ ni wọ́n mú bọ̀.

Òdìkejì ọ̀nà yìí ni àkàrà gbà. Ó bá àwọn ẹrú dé Salvador, ó di acarajé, epo pupa ni wọ́n ṣì fi ń dín in, Ọya ni wọ́n sì ṣì ń fi bọ. Ní 2005, ìjọba Bùràsíìlì kọ iṣẹ́ àwọn obìnrin tí ń dín in sínú ìwé àjogúnbá orílẹ̀-èdè náà.

Ilé ni ọ̀pọ̀ òpìtàn máa ń wò bí wọ́n bá ń kọ ìtàn Àgùdà. Ewu wà nínú ìyẹn. Ilé tí ìdílé Fernandez fi ta oúnjẹ àti ọtí ní Tinubu Square ni ìdílé Ọláìyá rà ní 1933, tí a wá ń pè ní Ilojo Bar. Ìjọba kéde rẹ̀ ní ohun ìrántí orílẹ̀-èdè ní 1956. Síbẹ̀ wọ́n wó o lulẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án, 2016. Ẹni tí ń wá ẹ̀rí ní láti yà sí ilé ìdáná, níbi tí àwọn obìnrin tí orúkọ wọn kò sí lára ògiri kankan ti ń sẹ́ ẹ̀wà.

Ọ̀rọ̀ kan náà ni a fi ń pe onísìn Kátólíìkì àti ẹni tí ó ti Bùràsíìlì bọ̀, a sì máa ń gbàgbé pé Mùsùlùmí wà nínú wọn. João Baptista da Costa, ọ̀gá mọlémọlé Àgùdà, ni ó kọ́ mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí a ṣí ní 1894. Ìkòkò kò gbàgbé ní tirẹ̀: wọ́n a máa bu frejon fún aládùúgbò tí í ṣe Mùsùlùmí, gẹ́gẹ́ bí òun náà ti ń fi ẹran Iléyá ránṣẹ́ sí wọn.