Ìtàn Fèrèsé Nínú Ilé Wa ní Ìkirè àti Àpòmù

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ yìí lè dà bí ohun tí kò tó nǹkan lójú ẹlòmíràn. Ta ni í jókòó gbọ́ ìtàn fèrèsé? Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rántí iye ènìyàn tí ooru ń lé jáde kúrò ní yàrá wọn lóru oṣù Ẹrẹ́nà, tí wọ́n ń tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, tí àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ń sunkún títí di àkùkọ ìdájí, ẹ ó gbà pẹ̀lú wa pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Àwọn baba wa mọ ìdí tí wọ́n fi kọ́ ilé wọn bí wọ́n ti kọ́ ọ. Àwa tí a ń kọ́lé lẹ́yìn wọn ti mú fèrèsé wá láti ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn, a kò sì béèrè iṣẹ́ tí ó ń ṣe fún ẹni náà.

Ilé àtijọ́ ní Ìkirè àti ní Àpòmù, gẹ́gẹ́ bí ti ìlú Yorùbá yòókù, kò ní fèrèsé púpọ̀. Òmíràn kò tilẹ̀ ní rárá. Ògiri amọ̀ rẹ̀ nípọn. Agbo ilé yí àgbàlá ká, ilẹ̀kùn yàrá kọjú sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì ṣí sí àgbàlá. Nítorí náà, láti inú ni ìmọ́lẹ̀ àti afẹ́fẹ́ ti ń wọ yàrá, kì í ṣe láti ìta. Lókè yàrá ni àjà alámọ̀ wà, òrùlé ewé tàbí koríko sì bò ó mọ́lẹ̀. Ẹni tí ó bá dúró lóde wò ó yóò sọ pé òkùnkùn ni. Òkùnkùn ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n òkùnkùn tútù ni. Amọ̀ tí ó nípọn a máa pẹ́ kí ó tó gbóná. Kí ooru ọ̀sán tó la ògiri já, oòrùn ti ń wọ̀. Inú yàrá kọ́ ni wọ́n sì ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni obìnrin ti ń ran òwú, ibẹ̀ ni àgbà ti ń gba àlejò, ibẹ̀ ni a ti ń parí ìjà. Yàrá wà fún oorun àti fún ẹrù.

Ìdí kejì ń bẹ, àwọn ará Àpòmù kò sì gbọdọ̀ gbàgbé rẹ̀. Ọjà Àpòmù jẹ́ ọjà ńlá ní ilẹ̀ Ifẹ̀, níbi tí ará Ọ̀yọ́, ará Ifẹ̀, ará Òwu àti ará Ìjẹ̀bú ti ń pàdé. Àlùfáà Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1921, sọ bí wọ́n ti ń jí àwọn oníṣòwò Ọ̀yọ́ gbé ní ọjà yìí, tí wọ́n sì ń tà wọ́n lẹ́rú, àti bí ọ̀ràn náà ti di ogun tí ó fọ́ Òwu ní àwọn ọdún 1820. Àpòmù àti Ìkirè jìyà nínú rògbòdìyàn yẹn. Ní irú ìgbà bẹ́ẹ̀, ta ni yóò lu ihò sí ògiri tí ó kọjú sí ìgboro? Ògiri tí kò ní ojú ni ààbò ọmọdé tí ó sùn sínú rẹ̀.

Láti etíkun ni fèrèsé ti wá bá wa. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àwọn míṣọ́nnárì ní Àgbádárìgì, èyí tí wọ́n parí ní 1845, ní fèrèsé onípákó. Ní 1846 míṣọ́nnárì wọ Abẹ́òkúta. Ní 1851 David Hinderer dé Ìbàdàn. Ní Èkó, àwọn Àgùdà tí ó ti Brazil padà wá jẹ́ káfíńtà àti bíríkìlà tí ó mọ iṣẹ́ dénú, ọwọ́ wọn sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti kọ́ bí a ti ń ṣe fèrèsé gíga tí ìlẹ̀kùn rẹ̀ pín sí méjì. Ohun kan yà wá lẹ́nu níhìn-ín. Láti 1696 ni ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti ń gba owó orí lórí fèrèsé, tí àwọn ènìyàn wọn sì ń fi bíríkì dí fèrèsé pa kí owó náà lè dínkù. Ọdún 1851 kan náà, tí Hinderer wọ Ìbàdàn, ni wọ́n pa owó orí náà rẹ́. Àwọn tí ó mú fèrèsé wá fún wa ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira láti ní tiwọn ni!

Ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn ní 1901. Páànù àti sìmẹ́ńtì di ohun tí ó rọrùn láti rí, owó kòkó sì fún àwọn àgbẹ̀ agbègbè wa lágbára láti rà wọ́n. Páànù dára: kì í gbiná, kì í jẹ́ kí a máa pààrọ̀ ewé lọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n oòrùn tí ó bá lù ú, inú yàrá ni ó ń rán an sí lójú ẹsẹ̀. Ibẹ̀ ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí ṣi ọ̀nà, nítorí ọ̀pọ̀ ni ó gba páànù tí ó sì pa àjà tì, ó sì tún fi búlọ́ọ̀kù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ rọ́pò amọ̀. Àfi fèrèsé onípákó nìkan ni ó gba irú ilé bẹ́ẹ̀ là díẹ̀, nítorí bí a bá ṣí i, gbogbo ihò rẹ̀ ni ó ṣí, bí a bá sì tì í lọ́sàn-án, pákó kì í jẹ́ kí oòrùn wọlé.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọ̀dọ̀ àwọn olótùútù. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ní àdúgbò bí i Peckham tí àwọn ọmọ wa pọ̀ sí, fèrèsé ilé àtijọ́ jẹ́ abala dígí méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Okùn àti irin wíwúwo tí a fi pamọ́ sínú férémù ni ó ń jẹ́ kí wọ́n máa gòkè sọ̀kalẹ̀. Ọgbọ́n ńlá ni. Ooru a máa gòkè. Nítorí náà bí a bá fa abala òkè wálẹ̀ díẹ̀, tí a sì gbé ti ìsàlẹ̀ sókè, afẹ́fẹ́ gbígbóná yóò gba òkè jáde, tútù yóò sì gba ìsàlẹ̀ wọlé. Àléébù rẹ̀ ni pé ó ń yọ̀ gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀, kò sì lè fún pinpin; ẹ̀fúùfù òtútù ń gba àlàfo rẹ̀ wọlé, owó ìdáná sì ń bá a jáde. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fi dígí méjì sí abala kan, tí wọ́n sé afẹ́fẹ́ mọ́ àárín wọn, nítorí afẹ́fẹ́ tí kò rìn kì í gbé ooru kọjá kíákíá, tí wọ́n sì ń fi rọ́bà dí etí rẹ̀. Ọmọ wa tí ó bá ń ra ilé níbẹ̀, kí ó wo dígí méjì náà, kí ó wo etí férémù, kí ó sì rí i pé abala méjèèjì ń rìn.

Ohun tí wọ́n ń fi owó ra níbẹ̀, ìyẹn pípa ooru mọ́ inú ilé, ni ohun tí ń pa wá lára níhìn-ín. Síbẹ̀ fèrèsé onídígí tí a ń fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ni ó gbòde ní Ìkirè lónìí. Ìdajì rẹ̀ péré ni ó lè ṣí. Dígí rẹ̀ ń gba oòrùn wọlé, kò sì jẹ́ kí ooru padà jáde. Louvre tí ó ṣáájú rẹ̀ ń ṣí tán, ṣùgbọ́n olè lè yọ dígí rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, eruku ọyẹ́ sì ń gba àárín rẹ̀ wọlé. Ẹni tí ó ní owó yóò ra ẹ̀rọ amúlétutù; nígbà tí iná bá lọ, yóò tan jẹnẹrétọ̀, èéfín rẹ̀ sì ti pa odindi ìdílé lójú oorun rí. Ẹni tí kò ní owó yóò padà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, bí ó bá ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Bí a bá bi wá léèrè, a ó ní kí onílé fi fèrèsé rẹ̀ sí ìhà àríwá àti gúúsù, nítorí oòrùn òwúrọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ kì í wọ ibẹ̀ tààrà. Kí ó jẹ́ èyí tí ń ṣí síta bí ilẹ̀kùn, méjì tí ó dojú kọ ara wọn nínú yàrá kan, kí afẹ́fẹ́ lè rí ọ̀nà jáde. Kí ó kan àjà sábẹ́ páànù, kí ó sì lu ihò kékeré sí ògiri lókè, lábẹ́ àjà náà, kí ooru máa gba ibẹ̀ lọ lóru nígbà tí ìbẹ̀rù olè bá mú kí a ti ìsàlẹ̀. Kí ó ta nẹ́ẹ̀tì sí i nítorí ẹ̀fọn, bí ó tilẹ̀ dín afẹ́fẹ́ kù díẹ̀. Àwọn káfíńtà tí ó lè ṣe fèrèsé onípákó ṣì wà ní agbègbè wa. Àga àti pósí ni wọ́n ń kàn báyìí, nítorí kò sí ẹni tí ń béèrè fèrèsé lọ́wọ́ wọn.