Bí A Ṣe Kọ́ DOS Ní Yorùbá

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ kí a bojú wẹ̀yìn díẹ̀.

Láìpẹ́ yìí ni a tú àpótí kan tí ìwé ẹgbẹ́ wà nínú rẹ̀, a sì bá dísíkì pẹlẹbẹ mélòó kan níbẹ̀, irú èyí tí a ń lò kí Windows tó gbòde. A wá kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan tí ó lè kà wọ́n. Dísíkì kò bàjẹ́, fáìlì sì ṣí. Ṣùgbọ́n níbi tí ó yẹ kí a ti rí "ẹgbẹ́", ohun tí a rí ni "¥gb₧". Owó Jàpáànì àti owó àtijọ́ Sípéènì ti jókòó sáàárín ọ̀rọ̀ wa! Ohun tí ó sọnù ni ètò kékeré kan tí ẹni tí ó tẹ ìwé náà ń lò. Ìtàn irú ètò bẹ́ẹ̀ ni a fẹ́ sọ, nítorí ó kan ohun tí ó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọ̀pọ̀ nínú yín.

Wàhálà lẹ́tà wa kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Henry Townsend dá Ìwé Ìròyìn sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1859, bí a ṣe ń kọ Yorùbá sílẹ̀ kò tíì fìdí múlẹ̀ tán. Ní 1875 ni ìjọ CMS pe ìpàdé sí Èkó, kí wọ́n lè jọ fẹnu kò lórí lẹ́tà tí a ó máa lò. Àmì abẹ́ lẹ́tà kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Bí a bá yọ ọ́ kúrò, owó àti ọwọ́ di ọ̀kan náà, orúkọ ọmọ a sì di ohun tí bàbá rẹ̀ kò sọ ọ́. Àwa tí a lo taipuráítà Òyìnbó mọ̀ ọ́n dáadáa: a ó tẹ ìwé tán, a ó wá mú báírò, a ó máa fi àmì sábẹ́ lẹ́tà lọ́kọ̀ọ̀kan.

Kọ̀ǹpútà IBM PC jáde ní 1981, DOS tí Microsoft pèsè ni ó sì ń darí rẹ̀. Owó rẹ̀ ga ju agbára mẹ̀kúnnù lọ. Ní 1986 ni Amstrad gbé PC1512 jáde ní £399, láìka owó orí VAT, tí irú ẹ̀rọ yìí wá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ ilé àti ọ́fíìsì kékeré nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní Woolwich níbí, Thames Polytechnic, tí ó di University of Greenwich ní 1992, ń kọ́ni ní ìmọ̀ kọ̀ǹpútà. Ní Thamesmead, tí àwọn olùgbé àkọ́kọ́ kó dé ní 1968, tábìlì ìjẹun di ọ́fíìsì akọ̀wé ẹgbẹ́.

Ibi lẹ́tà ni ọ̀rọ̀ ti há. Àyè 256 péré ni DOS ní fún gbogbo àmì tí ó lè fi hàn, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú nọ́ńbà tirẹ̀. Nínú ètò lẹ́tà tí wọ́n ń pè ní 437, tí ó bá ẹ̀rọ náà wá láti Amẹ́ríkà, à wà ní 133, è wà ní 138, ó sì wà ní 162. Nítorí èdè Yúróòpù ni wọ́n ṣe fi wọ́n síbẹ̀, ṣùgbọ́n a rí tiwa jẹ nínú rẹ̀. Ẹ, ọ àti ṣ kò sí níbẹ̀ rárá. Nígbà tí DOS 3.3 mú ètò 850 wá ní 1987, wọn kò rántí wa síbẹ̀.

Ọgbọ́n wo ni a wá dá? Káàdì EGA (1984) àti VGA (1987) gba ènìyàn láàyè láti tún àwòrán lẹ́tà yà. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n yóò yan àyè tí kò wúlò fún un, bíi 157 tí í ṣe owó Jàpáànì, yóò sì ya ẹ sí i. Àyè 156 kò ṣé é fọwọ́ kàn, nítorí £ ni ó wà níbẹ̀, a kò sì lè kọ owó oṣù ẹgbẹ́ láìsí i! Lórí VGA, lẹ́tà kan gba báìtì 16. Ẹ, ẹ́, ẹ̀, ọ, ọ́, ọ̀ àti ṣ, ńlá àti kékeré, jẹ́ 14. Báìtì 224 péré ni gbogbo wọn, lórí dísíkì tí ó gba ju 360,000 lọ.

Ètò náà yóò wá lúgọ sínú kọ̀ǹpútà, yóò máa ṣọ́ bọ́tìnì. Bí a bá tẹ Alt pọ̀ mọ́ e, òun ni yóò fi 157 ránṣẹ́. DEBUG tí ó bá DOS wá tó láti fi kọ irú rẹ̀. Àwọn ìwé ìròyìn kọ̀ǹpútà máa ń tẹ irú ètò kékeré bẹ́ẹ̀ jáde, kí òǹkàwé fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ. Àwọn mìíràn ń pín tiwọn lórí dísíkì, gẹ́gẹ́ bí Andrew Fluegelman àti Jim Knopf ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1982: gbà á, lò ó, bí ó bá wúlò fún ọ, fi owó ránṣẹ́.

Kò tán síbẹ̀ o. Pírńtà ní lẹ́tà tirẹ̀, ohun tí ó hàn lójú kọ̀ǹpútà kì í hàn lórí bébà àfi bí a bá kọ́ òun náà. Bí ètò méjì tí ó lúgọ bá sì ń du bọ́tìnì kan, kọ̀ǹpútà lè dákú, iṣẹ́ tí a kò tíì fi pamọ́ a sì bá a lọ.

Àṣìṣe wa ni pé kálukú dá tirẹ̀ ṣe. Ẹnì kan fi ẹ sí 157, ẹlòmíràn fi sí àyè lẹ́tà Gíríìkì. Àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ àyà, ṣùgbọ́n a kò ṣe irú ìpàdé tí wọ́n ṣe ní 1875. Ní 1991 ni ètò Unicode kọ́kọ́ jáde. Ní 1993 ni ẹ, ọ àti ṣ gba nọ́ńbà tiwọn nínú rẹ̀, nọ́ńbà kan náà fún gbogbo ayé. Títí di òní, ẹ́ àti ọ̀ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. A ní láti gbé àmì ohùn lé wọn lórí. Ní Ìbàdàn, Túndé Adégbọlá àti àjọ ALT-I ti ṣiṣẹ́ lórí kíbọọ̀dù Yorùbá, kí ìyà yìí lè dínkù.

Ẹ̀bẹ̀ wa nìyí. Dísíkì kì í pẹ́ títí, agbára inú rẹ̀ ń dínkù lọ́dọọdún. Bí ẹ bá ní èyíkéyìí tí àkọsílẹ̀ ìpàdé, ìkéde òkú tàbí oríkì ìdílé wà lórí rẹ̀, ẹ má dà á nù. Ẹ wá ètò kékeré tí ẹ fi tẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn, àti bébà tí ẹ kọ àwọn bọ́tìnì sí. Bí ètò náà bá ti sọnù, ojú ìwé kan ṣoṣo tí ẹ ti tẹ̀ jáde nígbà náà tó: a ó fi wé fáìlì, a ó sì mọ lẹ́tà tí àmì kọ̀ọ̀kan dúró fún.

Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe sí tiwa. A rí ẹ̀dà ìwé náà kan, a fi wọ́n wé ara wọn: ¥ ni ẹ, ₧ ni ẹ́. Orúkọ àwọn àgbà wa tí wọ́n ti sùn sì padà gba àmì wọn, bí òbí wọn ti sọ wọ́n.

Kí Olódùmarè má jẹ́ kí orúkọ wa parun. Ire o.