Kọ̀ńténà Orí Kíláòdù: Ohun Tí Ó Jẹ́ àti Bí Ó Ṣe Kan Ará Ìlú

Nínú ìmọ̀ kọ̀ǹpútà, kọ̀ńténà ni a ń pe àpò tí a di ètò kọ̀ǹpútà kan sí, pẹ̀lú gbogbo ohun tí ètò náà nílò, kí ó lè ṣiṣẹ́ bákan náà níbikíbi tí a bá gbé e sí. Kíláòdù ni ìlànà tí ilé-iṣẹ́ tàbí ìjọba fi ń yá agbára kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn lò láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, dípò kí ó ra gbogbo ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀. Àpilẹ̀kọ yìí ṣàlàyé bí méjèèjì ṣe ń ṣiṣẹ́ pọ̀, àǹfààní tí ó wà nínú wọn fún ará ìlú, àti ààlà agbára wọn.

Ibi tí orúkọ náà ti wá

Ẹni tí ó bá ti gba Àpápá kọjá rí mọ kọ̀ńténà: àpótí irin gbọọrọ tí ọkọ̀ ojú omi gbé dé, tí tírélà sì gbé lọ. Kí ó tó di àṣà, ẹyọ-ẹyọ ni àwọn alágbàrù ń kó àpò àti páálí jáde nínú ọkọ̀. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹrin ọdún 1956, ọkọ̀ Ideal X ti Malcom McLean, ọmọ Amẹ́ríkà, gbé kọ̀ńténà 58 láti Newark lọ sí Houston. Nígbà tí ó yá, a fi ìwọ̀n àwọn àpótí náà ṣọ̀kan. Ẹ̀rọ tí ń gbé ẹrù kò ní láti mọ̀ bóyá ìrẹsì ni ó wà nínú àpótí tàbí aṣọ. Bákan náà ni yóò ṣe gbé e.

Irú ìṣòro àwọn alágbàrù yìí ni àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà náà ní. Ẹnì kan lè kọ ètò kan tí yóò ṣiṣẹ́ dáadáa lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ṣùgbọ́n tí yóò kọ̀ láti ṣiṣẹ́ lórí ti ọ́fíìsì, nítorí pé àwọn ohun èlò inú kọ̀ǹpútà méjèèjì kò bára mu. Ní oṣù kẹta ọdún 2013, Solomon Hykes ti ilé-iṣẹ́ dotCloud fi ohun èlò kan tí ń jẹ́ Docker han àwùjọ ní ìpínlẹ̀ California. Ọgbọ́n pípín kọ̀ǹpútà sí yàrá-yàrá ti wà nínú Linux ṣáájú ìgbà náà. Docker ni ó mú un rọrùn fún gbogbo ènìyàn. Ní ọdún 2015, àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá fẹnu kò lórí ìlànà kan ṣoṣo fún kọ̀ńténà, gẹ́gẹ́ bí a ti fẹnu kò lórí ìwọ̀n àpótí irin.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́

A kọ́kọ́ ń ṣe àwòkọ, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní image. Inú rẹ̀ ni ètò náà àti àwọn ohun èlò rẹ̀ wà. Láti ara àwòkọ kan ṣoṣo, a lè dá kọ̀ńténà kan, mẹ́wàá tàbí ọgọ́rùn-ún sílẹ̀, gbogbo wọn yóò sì rí bákan náà.

A lè fi agbo ilé ṣe àpèjúwe. Ìdílé kọ̀ọ̀kan ní yàrá àti kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n kànga kan náà ni gbogbo wọn ń pọn. Kọ̀ńténà kọ̀ọ̀kan dá dúró ní yàrá tirẹ̀, ṣùgbọ́n ọkàn ètò ìdarí kan náà, bí i ti Linux, ni gbogbo wọn ń lò. Nítorí náà ni ó fi fúyẹ́, tí ó sì máa ń tètè gbéra ju ìlànà àtijọ́ tí ètò kọ̀ọ̀kan ti ń gbé odindi ètò ìdarí tirẹ̀ kiri.

Iṣẹ́ kíláòdù

Bí kọ̀ńténà bá pọ̀, ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa tọ́jú wọn. Ní ọdún 2014, Google gbé Kubernetes jáde fún iṣẹ́ yìí. Atukọ̀ ni ìtumọ̀ orúkọ náà ní èdè Gíríìkì. Amazon, Microsoft àti Google ni wọ́n ń pèsè rẹ̀ báyìí lórí kíláòdù wọn.

Ẹ jẹ́ kí a fi ojú òpó ìsanwó-orí ṣe àpẹẹrẹ. Ní ọjọ́ lásán, kọ̀ńténà mẹ́ta lè tó o. Nígbà tí ọjọ́ 31 oṣù kẹta bá kù fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́, tí gbogbo ènìyàn sì ń wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, Kubernetes lè sọ wọ́n di ogún bí a bá ti pàṣẹ bẹ́ẹ̀ fún un. Bí ọ̀kan bá kú, yóò fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Nígbà tí èrò bá dínkù, yóò dín wọn kù, owó tí a ń san fún kíláòdù yóò sì lè dínkù pẹ̀lú. Bí a bá ṣe àtúnṣe tí kò dára, a lè padà sí ti tẹ́lẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀.

Àǹfààní mìíràn ni pé ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ètò tí a dì sínú kọ̀ńténà rọrùn láti gbé kúrò lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ kíláòdù kan lọ sí òmíràn, bí iye owó tàbí ìwà ilé-iṣẹ́ náà kò bá tẹ́ni lọ́rùn mọ́.

Ibi tí ó ti yẹ kí a ṣọ́ra

Kọ̀ńténà kì í ṣe àpótí ìṣúra. Bí ó bá kú, ohun tí a kọ sínú rẹ̀ nìkan yóò bá a lọ. Ìdí nìyí tí a fi gbọ́dọ̀ tọ́jú àkọsílẹ̀ ará ìlú síta, nínú ibi ìpamọ́ tí ó dá dúró, kí a sì ní ẹ̀dà rẹ̀ níbòmíràn.

Bí kànga bá bàjẹ́, gbogbo agbo ilé ni ó kàn. Ní oṣù kejì ọdún 2019, a kéde àléébù kan nínú ohun èlò runC tí Docker ń lò, èyí tí ó lè jẹ́ kí olè orí íntánẹ́ẹ̀tì bọ́ láti inú kọ̀ńténà kan sínú kọ̀ǹpútà tí ó gbé e. Àwòkọ tí a kò sọ dọ̀tun fún ọdún méjì dà bí ilẹ̀kùn tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ti bàjẹ́. Kò sì tọ́ láti kọ ọ̀rọ̀ aṣínà sínú àwòkọ, nítorí pé ẹni tí ó bá rí àwòkọ náà ti rí i.

Ohun tí ó kan ará ìlú

Bí ojú ìwé bá já nígbà tí ẹ ń sanwó, ẹ má ṣe tún un san lójú ẹsẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí kọ̀ńténà tí ó ń dá yín lóhùn ti kú nígbà tí àkọsílẹ̀ owó yín ti wọlé. Ẹ pa nọ́ńbà ìsanwó yín mọ́, kí ẹ sì fi wádìí kí ẹ tó san òmíràn.

Òfin ìdáàbòbò àkọsílẹ̀ ara-ẹni ti Nàìjíríà, ti ọdún 2023, fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè ohun tí a kọ nípa yín àti láti ní kí a tún èyí tí kò tọ́ ṣe. Bí àkọsílẹ̀ bá bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò yẹ, tí ó sì lè ṣe ènìyàn ní jàǹbá, àjọ tí ń tọ́jú rẹ̀ gbọ́dọ̀ fi tó ìgbìmọ̀ tí ń mójú tó òfin náà létí láàárín wákàtí 72 tí ó bá ti mọ̀. Ibikíbi tí a bá gbé ètò kọ̀ǹpútà sí, ojúṣe yìí kò kúrò lọ́rùn ẹni tí ó gba àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ yín.