Ẹ̀pẹ́ àti Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó: Ìlú Méjì, Ọ̀sà Kan

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ìtàn Ẹ̀pẹ́, kó kọ́kọ́ wo ọ̀sà. Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú wà lẹ́yìn ìlú náà, omi tó lọ sí Èkó sì wà níwájú rẹ̀.

Àwọn Ìjẹ̀bú ló ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò ní Èkó ní oṣù Disẹ́ńbà 1851, Awùjalẹ̀ yọ̀ǹda kí òun àti àwọn èèyàn rẹ̀ jókòó sí Ẹ̀pẹ́. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ Mùsùlùmí, ẹ̀sìn náà sì túbọ̀ fìdí múlẹ̀ níbẹ̀. Ní 1854, Kòsọ́kọ́ bá Gẹ̀ẹ́sì ṣe àdéhùn, ó sì ń ṣòwò ní èbúté Lẹ́kí.

Ní 1862 ó padà sí Èkó. Àwọn tó bá Òṣòdì Tápà padà ló tẹ Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó dó. Àwọn tó dúró ni à ń pè ní Èkó-Ẹ̀pẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìjẹ̀bú-Ẹ̀pẹ́.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká kọ́ àwọn ọmọ wa: ẹni tí a gbà sílé nígbà ìpọ́njú, tí àwọn baba rẹ̀ sùn sínú ilẹ̀ náà, kì í ṣe àlejò mọ́.