Pọ́njú-Pọ́ntọ̀: Ìtàn Àyẹ̀wò Bilirúbìn àti Ìtumọ̀ Èsì Rẹ̀

Ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ni àwọn àgbà wa ń pe àìsàn tó máa ń sọ ẹyinjú di àwọ̀ ìyeyè. Orúkọ yìí kò mọ sórí ojú nìkan, ó kan ìtọ̀ pẹ̀lú. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ ti wo ojú aláìsàn, ó sì ti wo ohun tó tọ̀ sílẹ̀. Ohun méjì yìí náà ni àyẹ̀wò bilirúbìn òde òní ń yà sọ́tọ̀, nítorí ojú lè pọ́n kí ìtọ̀ má pọ́n. Ìyàtọ̀ yẹn ló ń tọ́ka sí ibi tí àrùn ti bẹ̀rẹ̀.

Ibi tí bilirúbìn ti ń wá

Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa kì í lò ju nǹkan bí 120 ọjọ́ lọ kó tó gbó. Bó bá fọ́, ara á sọ èròjà pupa inú rẹ̀ di bilirúbìn, ẹ̀jẹ̀ á sì gbé e lọ sínú ẹ̀dọ̀. Títí tó fi dé ibẹ̀, kò lè yòrò nínú omi, nítorí náà kò lè bá ìtọ̀ jáde. Ẹ̀dọ̀ ló ń pò ó mọ́ èròjà mìíràn kó lè yòrò, á sì tú u pẹ̀lú òróòro sínú ìfun, níbi tó ti ń fún ìgbẹ́ láwọ̀. Bí ọ̀nà òróòro bá dí, tàbí tí ara ẹ̀dọ̀ kò bá yá, èyí tó ti yòrò yìí á padà sínú ẹ̀jẹ̀, á sì wá ọ̀nà ìtọ̀ gbà. Ìtọ̀ á dà bíi tíì tó ki, ìgbẹ́ á sì funfun bí ẹfun. Pọ́njú-pọ́ntọ̀ gan-an nìyẹn.

Bí wọ́n ṣe kọ́ láti wọ̀n ọ́n

Lọ́dún 1864 ni Georg Städeler, onímọ̀ kẹ́mísírì ọmọ Jámánì, fún èròjà yìí lórúkọ tó ń jẹ́ dòní, láti inú èdè Látìn: òróòro pupa. Lọ́dún 1883, dókítà Paul Ehrlich rí èròjà àyẹ̀wò kan tó máa ń pa àwọ̀ dà bó bá kan bilirúbìn. Inú ìtọ̀ ni òun ti kọ́kọ́ lò ó. Láti ọdún 1913, Hijmans van den Bergh, dókítà ará Netherlands, bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó fún omi ẹ̀jẹ̀. Lọ́dún 1916, òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ Müller kíyè sí ohun kan: ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn kan máa ń pa àwọ̀ dà lójú ẹsẹ̀, ṣùgbọ́n ti àwọn mìíràn kì í yí padà àfi tí wọ́n bá fi ọtí líle kún un. Wọ́n pe ti àkọ́kọ́ ní èyí tó dáhùn tààrà (direct). Ó di àwọn ọdún 1950 kó tó hàn gbangba pé èyí tó ń dáhùn tààrà ni èyí tí ẹ̀dọ̀ ti ṣiṣẹ́ lé lórí. Nígbà yẹn, ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ méjì, Malloy àti Evelyn, gbé jáde lọ́dún 1937 ti mú kí ẹ̀rọ máa ka àwọ̀ náà dípò ojú ènìyàn. Bí àwọ̀ ṣe di iye nìyẹn.

Ní ilẹ̀ wa

Ìlú èbúté ni Èkó, ibà pọ́njú tí ẹ̀fọn ń gbé kiri (yellow fever) kò sì ṣàjèjì sí ìlú èbúté. Lọ́dún 1925, Rockefeller Foundation dá ibùdó ìwádìí sílẹ̀ ní Yábàá lórí ibà náà. Adrian Stokes, ọ̀kan nínú àwọn dókítà tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀, kó o, ó sì bá a lọ lọ́dún 1927.

Ìwádìí tó kan ọmọ tuntun jù lọ wá láti Ìbàdàn. Níbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, Dókítà H. M. Gilles àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé àìtó èròjà kan tí wọ́n ń pè ní G6PD wọ́pọ̀ láàárín wa, àti pé ó ń fa pípọ́njú ọmọ tuntun. Lọ́dọ̀ wa, ó tó ọkùnrin 1 nínú 5 tí G6PD rẹ̀ kò tó. Lọ́dún 1969, Lucio Luzzatto àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ n'Íbàdàn fi hàn pé kòkòrò ibà kì í fẹ́ gbèrú nínú sẹ́ẹ̀lì tí kò ní G6PD tó. Ohun tó ń gbani lọ́wọ́ ibà lè wu ọmọ tuntun léwu. Káńfọ̀, tí àwọn mìíràn ń pè ní káfúrà, tí a ń kó sáàárín aṣọ ọmọ, lè fọ́ ẹ̀jẹ̀ ọmọ tí kò ní G6PD tó ju bí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ṣe lè kó o kúrò lọ. Bilirúbìn tí kò tíì yòrò á gun ọpọlọ, ọmọ tí ì bá gbọ́ràn lè di adití, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ sì lè má gbọ́ tirẹ̀ mọ́.

Ìmọ́lẹ̀ tó ń wòsàn, tó sì ń ba èsì jẹ́

Lọ́dún 1956, ní ilé ìwòsàn Rochford nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Nọ́ọ̀sì Jean Ward máa ń gbé àwọn ọmọ tí oṣù wọn kò pé lọ sínú òòrùn. Lọ́jọ́ kan, ó fi ọmọ kan han àwọn dókítà: ara ọmọ náà ti mọ́, àfi ibi tí etí aṣọ ti bò, tó ṣì pọ́n. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀jẹ̀ ọmọ mìíràn pẹ́ lójú fèrèsé kó tó dé ilé àyẹ̀wò, bilirúbìn inú rẹ̀ sì ti lọ sílẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ló fọ́ ọ. Cremer, ọ̀kan nínú àwọn dókítà náà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìròyìn iná ìtọ́jú jáde lọ́dún 1958.

Èkó náà dá sí ìtàn yìí. Níbi tí iná mànàmáná kò ti dúró, àwọn dókítà Tina Slusher, Bolajoko Olusanya àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ta àgọ́ ọ̀rá tó ń sẹ́ ìtànṣán tó ń jóni àti ooru kúrò nínú òòrùn. Ọmọ 447 ni wọ́n tọ́jú ní ilé ìwòsàn Island Maternity. Èsì wọn jáde lọ́dún 2015: òòrùn tí wọ́n sẹ́ ṣiṣẹ́ ní ìdá 93 nínú 100 ọjọ́ ìtọ́jú, iná ìtọ́jú sì ṣiṣẹ́ ní ìdá 90. Òòrùn àgbàlá tí a kò sẹ́ kì í ṣe ọ̀kan náà. Ó lè jó ọmọ, ó sì lè gbẹ omi ara rẹ̀.

Kíka ìwé èsì

Ẹ jẹ́ ká fi ìdílé kan ní Ajegunle ṣe àpẹẹrẹ. Baba ilé ń já ẹrù báàjì ní Kirikiri Lighter Terminal. Lórí ìwé èsì, Total Bilirubin ni àpapọ̀, Direct ni èyí tí ẹ̀dọ̀ ti ṣiṣẹ́ lé lórí. Fún àgbàlagbà, àpapọ̀ kì í sábà ju 1.2 mg/dL lọ, Direct kì í sì í sábà ju 0.3.

Ìwé baba ilé: Total 6.2, Direct 4.3. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti kọjá lọ́wọ́ ẹ̀dọ̀, ìtọ̀ rẹ̀ sì ti pọ́n. Ẹ̀dọ̀ tàbí ọ̀nà òróòro ni kí wọ́n wò, kí wọ́n sì yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò fún àrùn ẹ̀dọ̀ B àti C. Kó má kàn máa ra oògùn ibà lò, torí ẹ̀dọ̀ tó rẹ̀ yìí kan náà ni yóò ru wọ́n.

Ìwé àbúrò rẹ̀ obìnrin tó ní ẹ̀jẹ̀ SS: Total 3.5, Direct 0.5. Direct kéré gan-an nínú àpapọ̀ rẹ̀, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ ló ń yára fọ́.

Ìwé ọmọ tuntun: Total 18, Direct 0.6. A kì í fi òṣùwọ̀n àgbà wọn ọmọ. Wákàtí tó ti lò láyé ni a fi ń ka tirẹ̀. Lọ́jọ́ kẹrin, 18 lè gba iná ìtọ́jú tàbí ìṣọ́ra gidi. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, iye kan náà lè gba kí wọ́n pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ ọmọ. Ọmọ tó bá pọ́njú kó tó pé wákàtí 24, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ẹ wo òṣùwọ̀n pẹ̀lú: ilé àyẹ̀wò mìíràn ń lo µmol/L, níbi tí 18 ti di 308. Ọ̀kan náà ni wọ́n.

Bí ọlọ́kadà bá ń gbé ẹ̀jẹ̀ náà gba àárín tírélà tó tò sójú ọ̀nà Apapa, kí wọ́n fi bébà dúdú tàbí fọ́ìlì wé e. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lójú fèrèsé Rochford lè ṣẹlẹ̀ sí i: èsì á sọ pé ara ọmọ yá, ara rẹ̀ kò sì yá.

Bí ojú ọmọ bá ṣì pọ́n lẹ́yìn ọjọ́ 14, ẹ ṣí ìlédìí rẹ̀ wò. Ìtọ̀ ọmọ tuntun kì í kun aṣọ. Bó bá ń kùn ún, tí ìgbẹ́ sì funfun, ó lè jẹ́ pé ọ̀nà òróòro ti dí, iṣẹ́ abẹ rẹ̀ sì máa ń dára jù bí ọmọ kò bá tíì pé 60 ọjọ́. Ìyá tó rí ìlédìí bẹ́ẹ̀ ti rí apá kejì orúkọ tí àwọn àgbà fún àìsàn yìí. Kó béèrè iye Direct.